Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Ẹ Jẹ́ Kí Ìṣirò Owó Sọ Èdè Wa

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn kan ya wọ ọ́fíìsì kan ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga àti ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà. Ọ́fíìsì CBEX ni, ètò ìdókòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣèlérí pé òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Owó ti wọlé, ilẹ̀kùn ti tì, àwọn tí ó fi owó síbẹ̀ kò sì rí nǹkan gbà jáde mọ́. Ẹni tí kò rí owó gbà gbé àga. Àga kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n ó sàn lójú wọn ju kí wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tí ìdájọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lórí rédíò, nínú ọkọ̀ èrò, lórí àga ìwàásù, gbólóhùn kan náà ni: “Ojúkòkòrò ló pa wọ́n.” N kò ní sọ pé kò sí ojúkòkòrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ti wà láyé kí ẹnikẹ́ni tó dá báńkì sílẹ̀, ọ̀mọ̀wé sì ní in bí ẹni tí kò kàwé ṣe ní in. Ohun tí ó lè gba olójúkòkòrò pàápàá sílẹ̀ ni ìṣirò kan tí kò ju agbára ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é.

Bí ₦100,000 bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, yóò di ₦200,000 ní oṣù kìn-ín-ní, ₦400,000 ní oṣù kejì, ₦800,000 ní oṣù kẹta. Títí dé ibí, kò sí ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan bá pé, yóò ti lé ní mílíọ̀nù 409 náírà. Nígbà tí ọdún méjì bá pé, yóò ti lé ní tírílíọ̀nù kan ààbọ̀. Nígbà tí oṣù ọgbọ̀n bá pé, owó ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦100,000 yóò ti ju gbogbo ìṣúná ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ọdún 2025 lọ, èyí tí í ṣe tírílíọ̀nù 54.99 náírà. Ta ni yóò san án? Láti inú àpò ta ni? Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yìí tán, ojúkòkòrò rẹ̀ yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM tí ó ń ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ti owó àwọn ènìyàn mọ́lé nígbà tí ọdún Kérésì kù díẹ̀. Láàárín MMM àti CBEX, ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀ ni ó kọjá. A rí ọdún mẹ́jọ náà fi bú àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì, a kò rí i fi kọ́ wọn ní ìṣirò.

Àwọn baba wa sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tí ó pa òwe yìí mọ̀ pé nǹkan lè máa pọ̀ sí i ju bí ojú ṣe ń kà á lọ. Mo fẹ́ fi hàn lónìí pé ìmọ̀ yìí, tí ó jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti fi èdè àjèjì tì mọ́lé, àti pé àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn ń jẹ èrè lórí àìmọ̀ wa lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo lọ ṣe ìròyìn nípa ọ̀wọ́n oúnjẹ ní ọjà kan. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan, tí ó ti dàgbà ju ìyá tí ó bí mi lọ, rí báírò lọ́wọ́ mi, ó sì fa káàdì kan yọ lábẹ́ àtẹ.

“Ọmọ mi, bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí.”

Káàdì ẹ̀yáwó ni, ti irú àwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó kéékèèké tí àwọn aráàlú fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbọ́mú-lé-lántà ni wọ́n. Màmá yá ₦120,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, fún oṣù mẹ́fà. Ó ń san ₦26,000 lóṣooṣù.

“Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu ìwé rẹ̀, Màmá?”

“Ìka ni mo tẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ. Wọ́n ní èlé márùn-ún péré ni.”

Mo ka káàdì náà, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ni, márùn-ún ni. Mo padà sí ọ́fíìsì. Ìgbà tí mo jókòó ti akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ wa ni ojú mi là. Nítorí èmi tí mo gba oyè ní yunifásítì, tí mo ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, n kò mọ ohun tí mo kà fún ìyá náà.

Ẹ wò ó. Nínú ₦26,000 tí Màmá ń san lóṣooṣù, ₦20,000 jẹ́ ojú owó, ₦6,000 jẹ́ èlé. Ní oṣù kìn-ín-ní, ìdá márùn-ún ₦120,000 jẹ́ ₦6,000 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti san ₦20,000, gbèsè tí ó kù lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦5,000. Ní oṣù kẹta, ₦4,000 ni ó yẹ kí ó jẹ́, lẹ́yìn náà ₦3,000, ₦2,000, títí dé ₦1,000 ní oṣù ìkẹyìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦21,000. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦36,000. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ó jẹ́ pé ₦20,000 péré ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó tí ó yá, ó ṣì ń san èlé lórí ₦120,000. Ó ń san èlé lórí owó tí ó ti dá padà.

Wọn kò purọ́ fún un. “Márùn-ún” ni wọ́n sọ, “márùn-ún” náà sì ni wọ́n kọ. Ìyàtọ̀ ₦15,000 náà fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, tí ó ń sọ bóyá orí gbogbo owó tí a yá ni èlé yóò dúró sí, tàbí orí èyí tí ó kù. Ọ̀rọ̀ kan, ₦15,000. Ẹ bi ara yín pé àpò èlùbọ́ mélòó ni ìyá yẹn ní láti tà kí ó tó rí èrè tó bẹ́ẹ̀.

Ti orí fóònù burú ju èyí lọ. Ká ní ẹnì kan tọrọ ₦20,000 lórí ẹ̀rọ ayánilówó. Wọ́n kọ́kọ́ yọ ₦3,000 tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́, wọ́n fi ₦17,000 ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ní kí ó dá ₦20,000 padà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni náà yóò máa rò pé ₦3,000 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ₦3,000 lórí ₦17,000 lé ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yípo ọdún, èlé rẹ̀ lé ní ìdá 450 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá sì pẹ́ kí ó tó san án, àwọn kan nínú wọn ti máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, láti àna rẹ̀ dé pásítọ̀ rẹ̀, pé olè ni. Àwọn Òṣómàáàló ayé àtijọ́ tí ń ta aṣọ láwìn le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí. Wọn kì í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀.

Níbí ni ohun tí ó ń dùn mí jù wà. Ẹ tan rédíò yín. Bí báńkì bá fẹ́ kí ẹ wá fi owó pa mọ́, Yorùbá ni yóò fi pè yín, Yorùbá tí ó dùn, pẹ̀lú ìlù gángan lábẹ́ rẹ̀. Aṣojú ayánilówó tí ó wá sí ọjà, Yorùbá ni ó ń sọ: “Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa, ajé á wá o.” Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ óò tẹ ìka, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé. A ń gbọ́ Yorùbá nígbà tí owó wa ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀tọ́ wa, wọ́n gbàgbé èdè náà. Kì í ṣe pé wọn kò lè kọ ọ́. Ẹni tí ó lè fi Yorùbá polówó lè fi Yorùbá ṣàlàyé èlé.

Àwọn kan yóò ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe ìṣirò owó. Ọ̀rọ̀ wo ni kò ní? Ojú owó, èlé, èrè, òfò, gbèsè, àwìn, ìdógò, onídùúró, dúkìá, ìṣẹ́kù, owó ìdókòwò: gbogbo wọn ni ó wà nínú èdè wa. Àwọn tí ó ń ka owó ẹyọ ní ogún-ogún, ní igba-igba, ní ọ̀kẹ́-ọ̀kẹ́, tí wọ́n ń yọ àrùn-ún kúrò nínú ogún kí wọ́n tó pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ṣe é pè ní òpè nínú ìṣirò.

Ẹ wo àjọ. Alájọ ń wá lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì, nígbà tí oṣù bá pé, ó mú owó ọjọ́ kan, ó sì dá ìyókù padà. Ìwé àdéhùn tí ó wà láàárín alájọ àti oníbàárà kò ju gbólóhùn kan lọ: owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. Kò sí ìyá aláta tí kò lè ṣe ìṣirò yẹn. Bí alájọ bá mú owó ọjọ́ méjì, ọjà yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. A máa ń yin ẹni tí orí rẹ̀ pé bí ti alájọ Ṣómólú, tí ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kan san. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí àjọ tọ́jọ́ kò sí nínú orí alájọ nìkan. Orí oníbàárà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn méjèèjì ni ó mọ ìṣirò náà.

Kódà ìwọ̀fà, ètò líle tí a kò gbọ́dọ̀ fẹ́ kí ó padà wá, kò fi àdéhùn rẹ̀ pa mọ́. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ojú owó kò dín, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, títí wọn yóò fi san án tán. Ó korò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá owó mọ̀ ọ́n, ẹbí rẹ̀ mọ̀ ọ́n, àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sìn fún olówó lóṣooṣù, kò sì mọ̀ pé òun ń sìn ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú nǹkan kan yìí, ìwọ̀fà sàn jù ú lọ.

Ó yẹ kí ojú tì wá sí i nígbà tí a bá rántí pé ọmọ Yorùbá ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí oníṣirò owó àgbà. Olóyè Akintola Williams gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, ICAN, tí òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1965. Ó pé ẹni ọdún 104 kí ó tó dágbére fún ayé ní 2023. Láti ìgbà náà, ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò lóǹkà. Ìmọ̀ ti wọlé wá tipẹ́. Ìyàrá àlejò ni ó jókòó sí, a kò tíì jẹ́ kí ó dé ìdí ààrò.

Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá fẹ́ kí ènìyàn lóye ìṣirò, kí a kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. A ti dán èyí wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. A sì ti dán òdìkejì rẹ̀ wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Pẹ̀lú ẹ̀rí yìí lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà lílo èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré, a kò tíì gbin èso náà tán tí wọ́n fi wú u.

Àtakò kan wà tí ó lágbára ju ìwọ̀nyí lọ, n kò sì ní fo ó dá: ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ka Yorùbá náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kà á lè gbọ́ ọ. Bí ìwé bá jẹ́ Yorùbá, ọmọ rẹ̀ lè kà á sí i létí, ìyálọ́jà lè kà á níwájú gbogbo ẹgbẹ́, fóònù lè sọ ọ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì òfin, kíkà rẹ̀ sókè kò tan ìmọ́lẹ̀ sí nǹkan kan. Mo ka káàdì Màmá sókè fún un, èmi fúnra mi kò sì lóye.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Òfin ti ọdún 2018 tí ó dáàbò bo oníbàárà sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní èdè tí ó rọrùn, tí ó sì lè yé e. Mo bèèrè lọ́wọ́ àjọ FCCPC tí òfin náà gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́: èdè wo ni ó rọrùn, tí ó sì lè yé ìyá ẹlẹ́lùbọ́? Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025 fi ìjìyà lé àwọn oníjìbìtì lórí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í dá owó padà. Ìṣirò ni ó lè jẹ́ kí owó má tilẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ gbèsè àti jìbìtì nìkan ni, kí ó ronú nípa ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kí owó wọn máa lọ tààrà. A jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ó dé ọwọ́ alága tí aráàlú kò sì lè ka ìṣirò rẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí owó tí ó há sọ́wọ́ gómìnà? Èdè wa ni wọ́n fi ń tọrọ ìbò. Ẹni tí ó bá lè ka ìwé èrè àti òfò ọjà rẹ̀ yóò lè ka ti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, nítorí ìbéèrè kan náà ni: èló ló wọlé, èló ló jáde, kí ni a fi ṣe, èló ló kù?

Ohun tí mo ń bèèrè fún kò pọ̀. Kí gbogbo ẹni tí ó bá ń yáni lówó nílẹ̀ Yorùbá fún oníbàárà ní ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá, kí wọ́n sì kà á sí i létí kí ó tó tẹ ìka, pẹ̀lú gbólóhùn márùn-ún: èló ni yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́, èló ni n óò dá padà lápapọ̀, ọjọ́ wo ni n óò máa san án, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá pẹ́, ta ni mo lè fi ẹjọ́ sùn. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan ka ìṣirò ọdún rẹ̀ sókè ní Yorùbá níwájú ọmọ ẹgbẹ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde lóṣooṣù sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì. Kí àwọn olùkọ́ máa fi káàdì àjọ àti ìwé ẹ̀yáwó kọ́ ọmọ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, dípò ọsàn tí kò sí ẹni tí ó ń tà á. Kí gbogbo oníṣirò owó tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá sì yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún, kí ó lọ jókòó sí ọjà ìlú rẹ̀, kí ó gbẹnu lé káàdì àwọn ènìyàn.

Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn ti jáde ní èdè yìí fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. A ti ń fi Yorùbá ka Bíbélì fún ìgbà pípẹ́, a ń fi túmọ̀ Kùránì, a ń fi ṣe ìròyìn ogun Rọ́ṣíà àti bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ìdí kankan, àfi èrè ẹlòmíràn, tí ₦15,000 ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò fi lè jẹ́ ohun tí a túmọ̀.

Mo padà lọ sí ọjà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàlàyé ìṣirò náà fún Màmá lórí àtẹ rẹ̀, oṣù kan, òkìtì kan. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó yé e. Ó wo òkìtì ìkẹyìn fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní: “Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bò mọ́lẹ̀ tó báyìí?”

Ìyẹn náà ni, Màmá. Ìyẹn náà ni.